Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá Pẹ̀lú Mwalimu

Àbámẹ́ta, 29 oṣù Kẹta

A ṣẹ́ kèké lónìí. Ìjọ méje tó jẹ́ ti àwọn ọmọ Áfíríkà, láti Langley Park títí dé Bowie nílùú òyìnbó níbí, ló fẹ́ ṣe Ọjọ́ Áfíríkà pọ̀ lọ́dún yìí. Ìjọ kọ̀ọ̀kan á mú orílẹ̀-èdè kan, àwọn ọmọdé ìjọ náà á sì sọ ìtàn àwọn èèyàn tó tún ìlú ọ̀hún ṣe, wọ́n á wá dájọ́ ìjọ tó ṣe dáadáa jù. Àwọn ará Gánà mú Ethiopia. Àwa mú Tanzania. Mo ṣí bébà náà, mo tún pa á dé, torí ohun tí mo mọ̀ nípa Tanzania ò ju òkè Kilimanjaro àti Anna tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sibítù lọ.

Fíkà, àlùfáà wa, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò fepo bọyọ̀. Ẹgbẹ́ akọrin ti ń béèrè yàrá tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá láti ọdún tó kọjá. Ìgbìmọ̀ ìjọ máa dìbò lé e lórí ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà. "Oyinkán, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí kíláàsì Sátidé yẹn wúlò fún." Ọjọ́ Áfíríkà bọ́ sí 25 oṣù Karùn-ún. Ìyẹn ni pé èmi gan-an ni mo fẹ́ ṣe ìdánwò.

Mo ti pinnu pé Yorùbá ni wọ́n máa fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo sọ fún Déolú ọkọ mi, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. "Fúnṣọ́ tí ò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun?" Mo ní òun náà, ṣebí ọmọ kíláàsì mi ni. A ó máa wò ó.

Ajé, 31 oṣù Kẹta

Wákàtí méjìlá lórí ìdúró. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán mo fa Anna jókòó. Ará Mwanza ni, òun ló ń mójú tó èémí àwọn aláìsàn wa. Mo ní kó dárúkọ àwọn tó kọ́ ìlú wọn fún mi. Kò ronú rárá. Ó ní Mwalimu, ìyẹn Julius Nyerere, tíṣà tó gba òmìnira, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ipò sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ó ní Bibi Titi Mohamed, olórin tó kó àwọn obìnrin jọ sẹ́yìn òmìnira, tí ìjọba òmìnira náà sì wá jù sẹ́wọ̀n nígbẹ̀yìn. Ó ní Edward Sokoine, olóòtú ìjọba tí àwọn oníjẹkújẹ ń sá fún, tí jàǹbá mọ́tò pa lọ́dún 1984.

Mo bi í pé ṣé kò sí ẹni tó mọ́ tónítóní láàárín wọn, tí èèyàn lè kọ́ ọmọdé láìsí àlàyé púpọ̀. Ó wò mí.

"Ṣé ẹ̀yin ní irú ẹ̀ ní Nigeria?"

Mo palẹ̀ abọ́ mi mọ́, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹrin

Àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé. A pín iṣẹ́. Stephanie ló mú Mwalimu. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó ga, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ. Tóyìn ìyá ẹ̀, nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni. Bàbá ẹ̀, ará Nnewi nílẹ̀ Ígbò ni, ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi jọba nílé wọn. Ọlámipọ̀sí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú Bibi Titi torí ó gbọ́ pé orin wà níbẹ̀. Fúnṣọ́ ní òun fẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀, mo bá fún un ní Sokoine. Àwọn mẹ́fà tó kù á máa kọrin, wọ́n á sì gbé àwòrán.

Anna yà wò wá lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ó kọ́ wọn pé tí ọmọdé bá rí àgbà, á ní "Shikamoo," àgbà á sì dáhùn pé "Marahaba." Ọlámipọ̀sí béèrè bóyá wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí i. Anna ní rárá o, níbi púpọ̀ wọn kì í kúnlẹ̀.

"So it's like ẹ káàárọ̀," Fúnṣọ́ ní, "but easier on the knees."

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Kẹrin

Ẹyin méjìlá ti lé ní dọ́là mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí Route 1. Ìyẹ̀fun òdòdó bo mọ́tò mi bí ẹni da gàrí olépo lé e. Mo ń sín láti àárọ̀.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin

Stephanie dé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Àǹtí, did you know about Biafra?"

Ó ti ka gbogbo ẹ̀. Tanzania ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbà pé Biafra ti dá dúró, ní 13 oṣù Kẹrin 1968. Ọ̀la gan-an ló máa pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ní òun bi Dádì òun, ó ní kóun lọ ṣe homework.

Èmi náà ò mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Wọn ò kọ́ wa nílé ìwé. Ohun tí mo mọ̀ nípa ogun yẹn, ẹnu àwọn àgbà tó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ, wọ́n sì máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti rí wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, a ó jọ wò ó. Ó ní ṣé òun lè fi í sínú ọ̀rọ̀ òun. Mo ní kí ló dé tí kò fi ní lè fi í sí i.

Àìkú, 13 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ

Bàbá Ìjọ dá mi dúró níbi tí a ń páàkì mọ́tò sí, imọ̀ ọ̀pẹ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Adékúnlé tí a ń pè ní Bàbá Ìjọ ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, àwọn ni alága ìgbìmọ̀ ìjọ, wọn kì í gbé ohùn sókè. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń bẹ̀rù wọn.

"Oyinkán, mo rí àwòrán Nyerere lára ògiri yín. Mo jagun, ṣé o mọ̀? Lẹ́yìn tó gbárùkù ti Biafra, a ṣì ń sin òkú. Orúkọ ọkùnrin yẹn ò gbọ́dọ̀ jáde nínú ìjọ yìí."

Mo tẹ eékún wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ. Mo rò pé mo ti ṣe ọgbọ́n. Ta ló máa ń bá àgbà jiyàn níta gbangba? Jẹ́ kí inú wọn rọ̀ ná, Ọjọ́ Àjíǹde ń bọ̀, a ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Àìkú, 20 oṣù Kẹrin

Inú aṣọ iṣẹ́ ni Àjíǹde bá mi. Aláìsàn mẹ́fà, nọ́ọ̀sì méjì. Jésù jíǹde, èmi ò rí ibi jókòó.

Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kẹrin

Fúnṣọ́ ti mọ gbólóhùn kan délẹ̀délẹ̀: "Sokoine kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀." Ìyá ẹ̀ ròyìn fún mi pé òun ṣèlérí pizza fún un kó lè tún yàrá ẹ̀ ṣe, ọmọ náà fọwọ́ sí àyà, ó ní, "Mọ́mì, mi ò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀." Yàrá náà ò sì tíì rí ìgbálẹ̀ dòní. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Kẹrin

Ìwé ètò dé sórí WhatsApp. Bibi Titi wà níbẹ̀, Sokoine wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí Mwalimu wà, orin ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n tẹ̀ sí i.

Mo pe Fíkà. Ó yà wọ́n lẹ́nu. "Ṣebí ẹ ti gbà? Bàbá Ìjọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé wẹ́rẹ́ lẹ gbà, pé ẹ tiẹ̀ dúpẹ́."

Mo dúpẹ́ lóòótọ́. Ẹnu mi ni mo fi ṣe é. Láti kékeré ni "mo ti gbọ́, sà" ti ń kó mi yọ: lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, lọ́dọ̀ mátírọ́ọ̀nù, lọ́dọ̀ dókítà tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í wo àgbà lójú ká ní rárá. A ó ní a ti gbọ́, a ó lọ ṣe tinú wa, ẹni tó bá lóye á sì mọ̀ pé a ò gbà. Bàbá Adékúnlé gba ọ̀rọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Inú ń bí mi sí wọn, ó sì tún ń bí mi sí ara mi, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Karùn-ún

Tóyìn pè kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ń lọ síbi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, Stephanie sunkún sùn lánàá. Ó bi mí pé ṣé torí Dádì òun ni wọ́n ṣe yọ òun. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo ní a máa wá nǹkan ṣe sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn dá mi lóhùn. Just tell me. Ṣé ó máa sọ ọ́ àbí kò ní sọ ọ́?"

Mo tún ní kó ṣe sùúrù. Ó ní kò burú, òun ò ní mú un wá mọ́.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù Karùn-ún

Òjò. Ọmọ mẹ́jọ. Ọlámipọ̀sí béèrè ta ló máa wá ṣe Mwalimu báyìí. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Ó tún bi mí lẹ́yìn orin, mo tún ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n sì ti ṣí i tẹ́lẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Anna, mo ń retí kó bá mi bínú sí Bàbá. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Bàbá bàbá mi ò fẹ́ kúrò lórí ilẹ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn ìjọba Mwalimu wá, wọ́n kó o lọ sí abúlé tuntun, wọ́n wó ilé ẹ̀ àtijọ́. Kò dárí jì wọ́n. Síbẹ̀, àwòrán Mwalimu ló wà ní pálọ̀ ẹ̀ títí ó fi kú."

Mo bi í pé èwo wá ni wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ.

"Méjèèjì. Ẹnu kan náà la fi ń sọ ọ́."

Mo rò ó nínú mọ́tò títí mo fi délé. Àwa náà ṣáà ń ṣe é. Nínú oríkì ilé bàbá mi, ẹnì kan wà níbẹ̀ tó jí ewúrẹ́ ọba gbé. Tí ìyá àgbà bá fi kì wá láàárọ̀, orí wa á wú, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yọ ewúrẹ́ náà kúrò. Kí ló wá dé tí mo fẹ́ fún àwọn ọmọ yìí ní Mwalimu tí wọ́n ti fọ̀, tàbí kí n má fún wọn rárá?

Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún

Lẹ́yìn kíláàsì mo wa mọ́tò lọ sí Mitchellville. Mi ò sọ fún Déolú. Tó bá gbọ́, á fẹ́ bá mi lọ bẹ Bàbá, mi ò sì lọ bẹ̀bẹ̀.

Ilé Bàbá Adékúnlé tóbi ju ẹnì kan lọ. Ọdún mẹ́rin nìyí tí ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà ní Texas. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí gé òdòdó. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo dìde kí n tó sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé tí mo bá wà lórí eékún, "ẹ ṣé, sà" ló tún máa jáde.

"Bàbá, lọ́jọ́sí mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ mi ò gbà. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dárí jì mí. Stephanie máa sọ ìtàn Nyerere, á sì fi ti Biafra sí i."

Wọ́n kó ewé tí wọ́n gé jọ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Ìyẹn ni pé o purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n mú mi wọlé, wọ́n gbé Malta fún mi, wọ́n jókòó sí ọ̀kánkán mi. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Èmi àti Nọ́fíù, ọmọ Ìsẹ́yìn, la jọ wọṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà. Abagana ló kú sí. Wọ́n dènà dè wá, mọ́tò ń jó lé mọ́tò lórí, mi ò rí òkú ẹ̀ sin. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, rédíò ní Tanzania ti gbà pé orílẹ̀-èdè ni Biafra. Lójú tèmi, ọkùnrin kan jókòó ní Dar es Salaam, ó sọ fún gbogbo ayé pé àwọn tó pa Nọ́fíù ló jàre."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Pẹ̀lẹ́ kọ́ ni mo ń wá. Ìwọ ti sọ tìẹ, jẹ́ kí n sọ tèmi. Tí orúkọ yẹn bá jáde, n óò dìbò kí yàrá yẹn di ti ẹgbẹ́ akọrin. Mo sọ ọ́ fún ọ lójúkojú, kó má di pé mo ṣe é lẹ́yìn rẹ."

"Mo ti gbọ́, sà. Ó ṣì máa jáde, sà."

Wọ́n sìn mí dé ìdí mọ́tò, wọ́n ní kí n rọra wakọ̀. Kí n tó kúrò lójúde wọn mo ti pe Tóyìn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó máa sọ ọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé nǹkan ò ṣe mí ṣá.

Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ Àwọn Ìyá. Mobáyọ̀ ọmọ mi pè láti yunifásítì, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìyá, Mọ́mì," lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀ ni mo sunkún.

Nígbà tí màmá mi ń kú lọ ní Ìbàdàn, wọ́n gbé fóònù sí wọn létí, wọ́n ń súre fún ọmọkùnrin yìí. Wọ́n súre títí èémí wọn ò fi tó mọ́. Mobáyọ̀ ń ṣe "Okay, Grandma, okay," kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Mo dúró tì í, ojú ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Sátidé, ó di ọdún mẹ́fà báyìí. Ẹgbẹ́ akọrin lè rí ibòmíràn kọrin.

Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún

Òjò ọjọ́ méjì. Fíkà ní àwọn ò lè tún ìwé ètò tẹ̀, àwọn ò ní bá Bàbá Ìjọ fa wàhálà. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ tí ẹnì kan bá fi báírò kọ nǹkan sí i, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Ọgọ́fà ìwé ètò ló wà nílé mi. Tóyìn àti Stephanie wá lẹ́yìn ilé ìwé. A jókòó sí tábìlì, a ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: Mwalimu Julius Nyerere, láti ẹnu Stephanie. Ọmọ náà kọ orúkọ tirẹ̀ tóbi ju ti Mwalimu lọ. Mi ò bá a wí.

Àbámẹ́ta, 17 oṣù Karùn-ún

Wọ́n pé mẹ́sàn-án padà. Èmi àti Stephanie tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ kó fi ti Biafra sáàárín, kó sì yára kọjá níbẹ̀. Ó ní rárá, ìparí ló ń fi í sí. Ó wò mí lójú sọ rárá náà, láìfi "mà" kankan sí i. Ìyá mi ì bá ti gbá a létí. Mo ní ó dáa, mo sì gbà ní tòótọ́.

Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún

Ohùn Ọlámipọ̀sí ti há. Omi gbígbóná, oyin, àdúrà.

Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó gbàgbé nǹkan kan.

Anna mú àwọn ará Tanzania mọ́kànlá wá, wọ́n jókòó sápá òsì. Àwọn ọmọ wa tò lọ síwájú wọn, wọ́n ní "Shikamoo," àwọn àgbà sì dáhùn, ìyá kan nínú wọn nu ojú ẹ̀ nù. Ọlámipọ̀sí fi ohùn tó há kọrin Bibi Titi. Ó sọ pé obìnrin yìí kó àwọn obìnrin jọ, ó di mínísítà, wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún un, wọ́n sì dá a sílẹ̀ lọ́dún 1972. Fúnṣọ́ sọ gbólóhùn ẹ̀, ìjọ pàtẹ́wọ́, ó tún un sọ torí wọ́n pàtẹ́wọ́.

Stephanie bọ́ síwájú. Bàbá Adékúnlé wà ní ìjókòó àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọ̀pá lé orí eékún. Stephanie ní:

"Mwalimu ni tíṣà. Ó gba òmìnira fún ìlú ẹ̀ láìsí ogun. Ó fi ipò sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìjọba ẹ̀ kó àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ìyẹn ò dára. Lọ́dún 1968, ó ní Biafra ti di orílẹ̀-èdè. Ó ní ìjọba tí kò lè dáàbò bo àwọn èèyàn ẹ̀ kò lè fipá mú wọn dúró. Inú àwọn kan nínú àwọn àgbà wa dùn. Àwọn kan ń bínú títí dòní. Ọmọ àwọn méjèèjì ni mí."

Ó ṣi ohùn pè níbi méjì. Kò wo bébà. Gbogbo apá òsì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo Bàbá. Wọn ò dìde, wọn ò sì jáde. Wọ́n ń wo ọmọ náà.

Nínú ìjọ méjèèje, àwa ṣe ipò kejì. Ìjọ Gánà ló gbé ipò kìíní, wọ́n mú ẹṣin wá. Ẹṣin gidi.

Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Ìsinmi àwọn sójà tó kú sógun. Àsíá wà lójúde gbogbo ilé ní àdúgbò wa. Mo ronú kan Bàbá, mi ò pè wọ́n.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Mo jókòó sínú mọ́tò, mò ń dúró de ìgbìmọ̀. Ìbò márùn-ún sí mẹ́rin. Yàrá ti di ti ẹgbẹ́ akọrin. Fíkà fúnra wọn ló wá sọ fún mi lójú fèrèsé. Mo béèrè ọwọ́ tí Bàbá Ìjọ nà. Wọ́n ní Bàbá ló kọ́kọ́ nawọ́ tako wa.

Bàbá ṣe ohun tí wọ́n ní àwọn máa ṣe. Mi ò lè pè wọ́n ní òpùrọ́, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹfà

Mo wá yàrá kiri. Ilé ìkàwé Laurel ti kún di oṣù Kẹsàn-án. Pálọ̀ mi ò lè gba ọmọ mẹ́sàn-án, àfi tí Déolú bá ta tẹlifíṣọ̀n ẹ̀, ó sì ní kí n kọ́kọ́ ta òun. Tí kò bá sí ibì kankan, abẹ́ igi ni a ó lọ. Mi ò ní dá a dúró.

Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹfà

Bàbá Adékúnlé pè. Mo jẹ́ kó dún títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já kí n tó gbé e.

"Oyinkán, mo gbọ́ pé ò ń wá ibi tẹ́ ẹ máa lò. Basement mi ṣófo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ lé wa jáde."

"Mo ní n óò dìbò, mo sì dì í. Mi ò ní kí àwọn ọmọ má kọ́ Yorùbá. Àmọ́ mo ní ohun tí mo fẹ́. Ọmọ yẹn sọ pé àwọn àgbà kan ń bínú. Kò mọ ìdí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n sì bi mí ní ohun tó bá wù wọ́n."

Mo rò ó. Mi ò ní mo ti gbọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọ̀la, kí n bi Tóyìn àti ọkọ ẹ̀. Tóyìn gbà. Ó ní ọkọ òun mi orí pé kò burú.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

Ooru mú. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé Bàbá, wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá ti to omi àti bisikíìtì sílẹ̀ fún wọn, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Wọ́n fi Yorùbá tó rọ̀ sọ ọ́, wọ́n ń dúró kí n túmọ̀ níbi tó bá le. Wọ́n sọ ti ibùdó sójà, ti ẹsẹ̀ tó wú nínú bàtà, ti ojú ọ̀nà Abagana. Fúnṣọ́ ò mira, kò fọwọ́ kan bisikíìtì.

Stephanie nawọ́ sókè.

"Bàbá, ṣé ẹ pa èèyàn?"

Tóyìn tó bá wa wá pe orúkọ ọmọ ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bàbá gbé ọwọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àwọn èèyàn Dádì mi?"

"Mi ò béèrè orúkọ wọn," Bàbá ní.

Ọmọ náà mú fóònù ẹ̀, ó pe bàbá ẹ̀, ó sì ṣí i síta kí gbogbo wa gbọ́. Mi ò dá a dúró.

"Daddy, who died in our family? In the war?"

A gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn ohùn ẹ̀, a gbọ́ ìgbà tó yà sẹ́bàá ọ̀nà tó sì dúró. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin kan wà tí òun ò bá láyé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ebi ló pa á lọ́dún 1969. Ó dárúkọ ẹ̀. Mo wo Tóyìn. Ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n ti fẹ́ra, kò gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Bàbá dìde lórí àga, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí eékún wọn tó gbà. Wọ́n ní, "My son, please call it again for me."

"Nwakaego."

Bàbá pè é. Kò tọ̀nà. Stephanie tún un ṣe fún wọn, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì wọ́. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀.

"Yes, sir," ọkùnrin náà dáhùn lórí fóònù. "That's her."